Ibi Tí Gìtá Ti Sán

"Tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárọ̀ ọjọ́ náà tí bàbá Atawéwé máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì funfun yí ibi tí ọ̀bẹ ti yọ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ ká, ní etí ihò tó wà láàárín ojú gìtá, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tirẹ̀.

"Bàbá, kò tó orí abẹ́rẹ́! Ta ló máa rí i?"

"Ìwọ ti rí i, èmi náà ti rí i," ni bàbá wí. "Ó ti pé èèyàn méjì."

Atawéwé kọ́ lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ilé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé kò ga, àmọ́ ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ tọ́ ọ níjà rí á sọ fún yín pé ata kì í kéré kó má ta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bàbá rẹ̀ a máa fi ọwọ́ ṣe gìtá tà nínú yàrá iwájú ilé wọn, láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà sì ti lè gbé ayùn ló ti ń jókòó tì í. Lọ́dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣekágbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan kan fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan àpótí ìjókòó àti férémù àwòrán. Òun ní gìtá lòun máa ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn. Bàbá lè wò ó, ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ náà pòṣé, ó mú sáńpépà, ó ha igi tó ṣẹ́ kù lára pákó ojú gìtá títí ó fi rí lẹ́búlẹ́bú díẹ̀. Ó pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ibi tó ya, ó ní sùúrù kó gbẹ, ó sì tún fi sáńpépà pa á lójú títí ọwọ́ ò fi lè mọ ibi tí ọgbẹ́ wà mọ́.

Bàbá fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. "O rí i bí? Àṣìṣe kékeré dà bí ẹ̀gún. Ọjọ́ tó bá gún ni lẹ́sẹ̀ ni kéèyàn yọ ọ́."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Atawéwé fẹnu sọ. Inú rẹ̀ ń sọ pé bàbá yìí ti le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yìn gìtá náà ò sì tíì sí lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé gìtá oníbàárà kan lọ fún un. Ẹ̀jíwùmí, ọ̀rẹ́ Atawéwé tó jẹ́ pé eyín rẹ̀ tó ṣí láàárín ló fi ń jẹ orúkọ yẹn, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Atawéwé ń lẹ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ ojú gìtá lọ́wọ́. Egungun ìhà ni bàbá rẹ̀ ń pè wọ́n, torí pé àwọn ló ń gbé ojú gìtá ró kí okùn má baà fà á wú. Ó ti fi irin ìfúnmọ́ há èyí tó kẹ́yìn, ó ń yí irin náà, ó ń yí i. Ọ̀rọ̀ dùn láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yí i jù.

"Kẹ́!"

"Kí ló dún?" ni Ẹ̀jíwùmí béèrè.

Atawéwé tú irin náà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti sán láàárín gbùngbùn, ìlà kan báyìí, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

"Ọjọ́ mélòó lo máa fi ṣe òmíràn?"

"Mẹ́ta. Tàbí mẹ́rin. Mo máa yọ èyí kúrò, mo máa gé tuntun, mo máa fá a."

"Ọjọ́ mẹ́rin! Nítorí igi tí ojú èèyàn kankan ò ní tó?" Ẹ̀jíwùmí pàtẹ́wọ́. "Ìgbà tó o bá dé e pa tán, ta ló máa wọ inú gìtá lọ? Ṣé èkúté ló ń bọ̀ wá máàkì ẹ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Atawéwé da gọ́ọ̀mù sórí ìlà náà, ó lẹ ègé bébà kan mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ẹ̀yìn gìtá dé e pa.

Nígbà tí bàbá dé, ó fi ìka kan ẹ̀yìn gìtá náà gbọ̀ọ̀ gbọ̀ọ̀. "Ṣé inú rẹ̀ mọ́?"

"Ó mọ́, bàbá."

Bàbá gbà á gbọ́. Kò sí ìdí tí kò fi ní gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Rúlà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí rúlà onígi tí kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Ó wo àpótí, ó fún un ní máàkì. Ó wo férémù, ó fún un ní máàkì. Ó dé ọ̀dọ̀ Atawéwé. Gìtá náà ń dán lórí tábìlì, àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Atawéwé ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn mọ́ ọn, kò tíì fà wọ́n le. Rúlà gbé e, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Ta ló bá ẹ ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹni tó gbé e wá. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

Rúlà kọjú sí kíláàsì. "Ẹ wá wo olè ojúmọmọ. Bàbá ń ṣe gìtá, ọmọ ń gba máàkì. Ọmọbìnrin wo ló máa ṣe irú èyí?" Ó kọ òdo rogodo sínú ìwé rẹ̀, ó sì gbé ìwé náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

Ojú Atawéwé pọ́n kankan. Oṣù mẹ́ta gbáko! Àpá ọ̀bẹ wà ní ìka rẹ̀ mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì mọ̀ pé káfíńtà ló bá a kan àpótí tirẹ̀, máàkì márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n fún ìyẹn!

"Sà, ẹ wo ibí," ló wí, ó nàka sí etí ihò ojú gìtá. "Ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ níbí, mo dí i. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, mo gé e jù níbí, mo fi ègé igi lẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, wọn ò lè ṣe irú àṣìṣe yìí!"

"Wọ́n kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sọ dáadáa," ni Rúlà dáhùn. Ó mú gìtá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn rẹ̀ le kó lè ta á. Ọ̀kan le, èkejì le. Nígbà tó kan ìkẹfà, nǹkan dún nínú lọ́hùn-ún. Lójú gbogbo wọn, ojú gìtá náà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, okùn náà sì ń dún gbíì-gbíì bí eṣinṣin inú ìgò.

Ẹ̀rín sọ. Rúlà náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. "Ó mà ṣe o! Bàbá tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, kò tiẹ̀ mọ iṣẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n má ra ọjà rẹ̀."

Atawéwé wo Ẹ̀jíwùmí. Ẹ̀jíwùmí ń wo ilẹ̀. Tó bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ kárí àdúgbò, bàbá tí kò fọwọ́ kan igi náà rárá. Tó bá sì sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹlẹ́tàn.

"Èmi ni!" Igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Igi kan sán nínú rẹ̀, mo mọ̀, mo fi bébà bò ó! Mo purọ́ fún bàbá mi pé ó mọ́. Ẹ bú mi, sà, mo jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ má fẹnu kan iṣẹ́ bàbá mi, torí ká ní àwọn ni wọ́n ṣe é, kò ní sán!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé gìtá náà, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó rojọ́ tán, ó gbé gìtá náà lé orí tábìlì.

"Ìwọ lo ṣe é?" ni ọ̀gá àgbà bi í.

"Èmi ni, mà."

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Èmi náà ni, mà."

Obìnrin náà yẹ ojú gìtá náà wò. "Ó dáa. Láti ọ̀la, lẹ́yìn ìwé, o máa tún un ṣe nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Olùkọ́ rẹ yóò jókòó tì ọ́, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ tó ń ṣe é."

Nílé, bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì já lu ọ̀rọ̀. Ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkùnrin yẹn purọ́ mọ́ ọ. Ìwọ náà purọ́ fún mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ bínú sí?" Atawéwé tẹrí ba. "Àìtètè mólè, olè ń mólóko," ni bàbá wí. "Ọjọ́ mẹ́rin lo sá fún. Lọ ṣe é báyìí lójú ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ."

Lọ́jọ́ kìíní, Rúlà ń ka ìwé ìròyìn. Atawéwé fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó ti fi iná mú gbóná wọ ibi tí ẹ̀yìn gìtá ti lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀ tí ẹ̀yìn náà sì ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ igi tó sán, ó gé tuntun. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé ìròyìn ti di kíká sórí tábìlì.

"Kí ló dé tó o fi ń fá a tó bẹ́ẹ̀?" ni Rúlà béèrè.

"Tó bá nípọn jù, ohùn gìtá á há. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, á sán." Kò wo ojú rẹ̀. Inú ṣì ń bí i.

Lọ́jọ́ kẹfà, gìtá ti padà di odindi. Níwájú kíláàsì, Rúlà fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le, ó sì tún fà wọ́n sí i. Ojú gìtá ò mì. Ó ta á, ohùn rẹ̀ sì kún yàrá náà. Ó fa igi lé òdo náà, ó kọ méjìdínlọ́gọ́ta rọ́pò rẹ̀. "Mo ti yọ máàkì ti pípẹ́, mo sì ti yọ ti ẹ̀tàn. Lọ jókòó."

Atawéwé ò jókòó.

"Mo gba máàkì yẹn, sà, ẹ̀bi mi ni mo jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ pè mí ní olè níwájú àwọn wọ̀nyí. Ẹ ní bàbá mi ò mọ iṣẹ́. Èmi ti tún tèmi ṣe, sà. Tiyín ńkọ́?"

Rúlà yọ rúlà lábíyá, ó tún tì í bọ ibẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Ó wá kọjú sí kíláàsì.

"Ọmọ yìí ló ṣe gìtá náà. Bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ kàn án. Mo ṣàṣìṣe."

Ìgbà náà ni Atawéwé tó jókòó.

Ìbínú rẹ̀ ò tán lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó lè ní kó tán, torí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìbínú òdodo kì í dúró lórí irọ́, bó ti wù kí irọ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Àtúnṣe ò tini lójú rárá. Àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń dúró de ọjọ́ tí ojú yóò pọ̀, kó tó sọ̀rọ̀.