Ẹni Tí Ó Fún Hannah Ní Ẹ̀jẹ̀

Abẹ́rẹ́ ti wọ iṣan apá Fọláyan tán, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ignatius, ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù náà, rọra yí abẹ́rẹ́ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó bọ́ sí apá kejì. Iṣan yọ sókè dáadáa lábẹ́ awọ, apá àgbẹ̀ tó ti ń ro oko kòkó fún ogójì ọdún, síbẹ̀ ẹ̀kán kan ò kán.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ignatius wí. "Ìbẹ̀rù a máa fún iṣan pọ̀."

Fọláyan ní òun ò bẹ̀rù nǹkan kan. Irọ́ ló ń pa. Oṣù Kọkànlá ọdún 1981 ni, kòkó ń pọ́n lóko, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ kòkó kankan. Ní ìdájí ọjọ́ náà ni Hannah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bí ọmọkùnrin. Láti ìgbà tí ibi ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti dá a dúró báyìí, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti pọ̀ jù. Ètè Hannah ti funfun, bí wọ́n bá sì pè é, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Ignatius ti ṣàlàyé fún gbogbo wọn láàárọ̀. Ó ní lójú nìkan ni ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ti jọra, nínú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti ẹlòmíràn A ni, ti ẹlòmíràn B, àwọn kan ní méjèèjì, àwọn kan ò sì ní ọ̀kankan. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní O. Ẹni tó jẹ́ O lè fún àwọn yòókù, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́ O bíi tirẹ̀ nìkan ló ti lè gbà. Bí wọ́n bá fi òmíràn sí i lára, ara á bá a jà, ìjà náà sì lè pa á. O ni Hannah. Nígbà tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ Àrìnkẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ lórí gíláàsì, ńṣe ló ṣù pọ̀ bí ògì tí omi rẹ̀ kéré. Ti ọkọ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Fọláyan nìkan ló dà pọ̀ mọ́ ọn láìjà. Kò sí ìgò O kankan nínú fìríìjì, nítorí àwọn ará ìlú kì í wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé tiwọn. Wọ́n ti rán táásì lọ sí Àkúrẹ́, kò tíì dé.

Ignatius ní kó lọ jókòó síta díẹ̀ kí ara rẹ̀ rọ̀.

Lórí bẹ́ńṣì níta, ìdí Fọláyan ò gbélẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó mọ ohun tó ń bá òun jà, kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́. Ó ti wá sí yàrá yẹn rí.

Ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n gbé Ọ̀ṣúndé, lébìrà rẹ̀, wá síbẹ̀. Ọmọ apá Ìkirè ni Ọ̀ṣúndé, ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá a ṣiṣẹ́ ní oko Aládé. Òun ló ń ká kòkó, tó ń fọ́ ọ, tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, àdá ọwọ́ rẹ̀ sì gé e ní itan òsì. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà náà, tí wọ́n ti gbé lọ síbòmíràn kí Ignatius tó dé, sọ pé ti Fọláyan bá ti Ọ̀ṣúndé mu. Fọláyan béèrè bóyá òun lè lọ jẹun ná. Ọkùnrin náà ní ó dára bẹ́ẹ̀, kó tètè padà. Fọláyan lọ sílé, ó jẹ iyán, ó fọ ọwọ́, ó sì jókòó sílé.

Ẹ má pè é ní ìkà. Àgbẹ̀ kòkó ni, bí àgbẹ̀ kòkó ṣe ń ronú ló ṣe ronú. Ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òun bá ti wọ ara rẹ̀ ti di ọmọ òun nìyẹn, ọmọ kì í sì í ṣe lébìrà, ọmọ á pín oko. Hannah nìkan lòun bí. Bí òun bá kú tán, ta ni yóò dá Ọ̀ṣúndé lẹ́kun kó má dìde níwájú mọ̀lẹ́bí, kó ní ẹ̀jẹ̀ Fọláyan ń bẹ lára òun? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, oòrùn sì ń rọlẹ̀. Ọ̀ṣúndé kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ oko lábẹ́ òkè, Fọláyan sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ọwọ́ ti bọ́ sórí kí òun tó padà débẹ̀.

Bó ṣe ń rò ó lọ, ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ yàrá Ignatius. Fọláyan ò rí ojú rẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́, òórùn kòkó tó ti lo ọjọ́ márùn-ún lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ẹ̀yìn ẹni náà ló rí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ díẹ̀. Ilẹ̀kùn padé. Ó gbọ́ tí Ignatius ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ tí ẹnìkan ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn náà rẹlẹ̀ jù.

Kò pẹ́ tí Ignatius fi jáde pẹ̀lú ìgò ẹ̀jẹ̀ tó kún, ó ń sáré lọ sọ́dọ̀ Hannah. Fọláyan yọjú wọ yàrá náà láti dúpẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Irin wà lójú fèrèsé, ẹnu ọ̀nà tí òun dúró sí nìkan ló sì wà. Ó gbé ọwọ́ lé orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó tutù bí omi inú àmù.

Hannah yè. Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n dá a sílẹ̀, inú gbogbo ilé sì dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fọláyan wọlé lọ kí i. Hannah gbójú kúrò lára ọmọ.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," ló wí.

Àrìnkẹ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Hannah kò pe bàbá rẹ̀ ní nǹkan mìíràn. Tíṣà ni Hannah, kò mọ nǹkan kan nípa kòkó ju pé ó ń kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè bóyá wọ́n ti yí èyí tó wà lábẹ́ ewé ní ọjọ́ kẹta. Kì í lè jókòó sójú kan. Ó ń rìn káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró, ó kọjú sí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko.

"Ọ̀gá, koríko ti bo ibẹ̀ o," ló rọra sọ. "Kò yẹ kí ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Adó-Èkìtì ni Hannah wà nígbà tí wọ́n sin Ọ̀ṣúndé. Kò sẹ́ni tó fi ojú oórì náà hàn án rí.

Wọ́n pe àwọn àgbà ìjọ Aládùúrà. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n wọ́n omi àdúrà yí ilé ká. Hannah bá wọn ṣe àmín dáadáa. Ìyá kan tó máa ń ríran nínú wọn ní òun rí ọkùnrin méjì tí wọ́n di ọmọ kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Wọ́n bi í pé èwo ni bàbá ọmọ. Ó kó Bíbélì rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú Fọláyan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sọ èèyàn di ọmọ ẹni, bí òun fúnra òun ṣe gbà gbọ́, ọmọ ta wá ni Hannah báyìí? Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju oko lọ, kò sì sí ẹni tó lè rò ó fún. Ó wọ táásì, ó tọ Ignatius lọ.

Ignatius fetí sí i dópin, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún èèyàn kì í sọ ọ́ di ẹbí ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ara á lò ó, á gbó, oṣù mẹ́rin sí i kò ní kù níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó fún un pàápàá, ara rẹ̀ á ti ṣe òmíràn rọ́pò."

Ara tu Fọláyan díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ orúkọ ẹni náà, kí òun lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ignatius ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka wá a. Ọ̀ṣúndé ni orúkọ tó wà níbẹ̀. Níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí olùfúnni jẹ́ sí aláìsàn, wọ́n kọ ọ́ pé: bàbá rẹ̀.

"Mo rò pé àbúrò yín ni," ni Ignatius wí, "torí bàbá náà la máa ń pe àbúrò bàbá ẹni. Ó ní òun wá dípò yín ni, pé ẹ ò tíì jẹun tán."

Fọláyan di tábìlì mú. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú ìwé pélébé. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kòkó ló dojú dé lọ́nà Owena, lébìrà kan tó jókòó lórí ẹrù ti fara gbọgbẹ́ gan-an. O ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wá. Ignatius ṣí fìríìjì, ó tún un tì. Kò wo apá ibi tí Fọláyan wà, nítorí ó rántí apá tí ò mú nǹkan jáde.

Ẹ̀rù ṣì ń ba Fọláyan bó ṣe ń bọ́ agbádá rẹ̀. Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó na apá. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kàn án báyìí ni ẹ̀jẹ̀ tú jáde, pupa, gbígbóná, ó ń dà sínú ìgò. Omi bọ́ lójú bàbá náà, kò sì nù ún.

Ignatius mú ìwé ńlá àti bírò. Ó béèrè ohun tó jẹ́ sí aláìsàn.

"Ọmọ mi ni," ni Fọláyan wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ignatius kọ ọ́. Ó wá béèrè orúkọ ọmọ náà. Fọláyan fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, pé kó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣúndé ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bírò dúró lọ́wọ́ Ignatius. Ó gbé ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì mú wá, ó kà á, ó tún un kà.

"Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ta ló ti sọ orúkọ ọkùnrin yìí fún yín?"

Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni Fọláyan ń wò. Ìgò náà ti kún, ẹ̀jẹ̀ ò sì tíì dúró.