Àńtètè Ń Ṣe Alágbàfọ̀

Ní ọjọ́ Ajé, Àńtètè jí. Ó fò dìde, ó fò wọ bàtà, ó fò jáde.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Torí pé kì í dúró sójú kan ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

Níbo ló ń sáré lọ? Gbọ̀ngàn àdúgbò ni. Bọ̀dá Wẹ́dà, tó máa ń jó irin pọ̀ ní ìgun òpópónà, ló ń kó àwọn ọmọdé jọ síbẹ̀.

"A fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," Bọ̀dá Wẹ́dà wí. "Eré ọba kọ́. Eré ìjàpá kọ́. Iṣẹ́ tí àwọn òbí yín ń ṣe la máa fi ṣeré."

"Ta ló máa ṣe dírẹ́bà?"

"Èmi!" ni ọmọ dírẹ́bà wí.

"Ta ló máa ṣe alágbàfọ̀?"

"Èmi! Èmi! Èmi!" Àńtètè fò sókè. Màmá rẹ̀ ló ń fọ aṣọ, tó tún ń lọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n dán eré wò.

Àńtètè gbé áyọ́ọ̀nù onígi. Ó fi gbá ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì, fíì! Ó fi gbá apá ṣẹ́ẹ̀tì, fíì! Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kàkàkà! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ yìí á pa wá o!" Bọ̀dá Wẹ́dà di ikùn mú.

Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín. Màmá ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Nílé, Àńtètè ní, "Màámi, ṣé ẹ máa wá wò mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Rárá o," ni Màmá wí.

"Èéṣe?"

"Kọ́là là ń kọ́kọ́ lọ̀, ìwọ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. O gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ, o ń jó. Ìwọ ń jó, aṣọ oníaṣọ náà ń jó!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àńtètè. Ó wo ojú Màmá, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ó dùn mí," Màmá ní. "Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọ lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú gbogbo ayé."

Inú Àńtètè bàjẹ́. Eré tí Màmá ò bá ní wò, ta ló fẹ́ ṣe é fún?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ wò yín ni."

"Má dí mi lọ́wọ́ o."

"Mi ò ní dí yín lọ́wọ́."

Ṣọ́ọ̀bù Màmá gbóná janjan. Aṣọ kún tábìlì, aṣọ kún ilẹ̀. Kò sí àga kankan níbẹ̀.

Màmá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Bírò. Bírò kan ṣoṣo lè ba ogún aṣọ jẹ́."

Màmá wọ́n omi. Ṣá, ṣá! Màmá lọ kọ́là. Ṣììì! Apá ọ̀tún, ṣììì! Apá òsì, ṣììì! Ìgbà yẹn ló wá kan ẹ̀yìn.

Àńtètè náà dúró. Ó dúró ti ṣẹ́ẹ̀tì kìíní. Ó dúró ti èkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ó ti jókòó sórí aṣọ.

"Dìde níbẹ̀! Aṣọ tí mo ti lọ̀ ni!"

Màmá ò jókòó ní tiwọn. Màmá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òsì. Ṣììì! Nígbà tó yá, Màmá gbé òsì lé ọ̀tún. Ṣììì!

"Màámi, ṣé ẹsẹ̀ ń ro yín ni?"

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ó ń ro mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ro mí."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ṣé o bi mí rí ni?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àńtètè bẹ Màmá títí, Màmá sì wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé báàgì lé itan. Tó bá tún di yẹ̀yẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ.

Ó kan Àńtètè. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wọ́n omi, ṣá, ṣá! Ó lọ kọ́là, ṣììì!

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Jó!" Bọ̀dá Wẹ́dà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Àńtètè, jọ̀ọ́, jó díẹ̀!"

Àńtètè mi orí. Kò jó.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òsì. Ṣììì! Ó gbé òsì lé ọ̀tún. Ṣììì!

"Ẹsẹ̀ ń ro mí," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń ro mí."

"Hẹn-ẹn! Ẹ̀yìn ni tèmi," dírẹ́bà gidi kan wí láti orí ìjókòó.

"Èjìká ni tèmi," ìyá tó ń gbálẹ̀ títì wí.

Gììrì! Màmá ti dìde. Àńtètè rí wọn. Yéè, Màámi ń lọ!

Màmá ò lọ o. Màmá gbé àga tí wọ́n jókòó lé, wọ́n gbé e gba àárín èrò kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà." Wọ́n gbé e síwájú Àńtètè, gbì!

"Jókòó," Màmá wí.

"Màámi! Eré ni mò ń ṣe o!"

"Mo mọ̀. Jókòó, alágbàfọ̀."

Ni gbogbo èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Àńtètè wo àga. Ó wo Màmá. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Ẹ̀yin lẹ máa jókòó," ó ní. "Aṣọ ṣì pọ̀ nílẹ̀."

Màmá jókòó níṣojú gbogbo àdúgbò. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Pa! Pa! Pa! Gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́.

Àńtètè mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ṣììì!

"Kú iṣẹ́ o," ni Màmá wí.