Ọmọ Ọwọ́ Méjìlá

Búrẹ́dì àná ni obìnrin náà ń kà nígbà tí ọkùnrin oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rí i. Ó lóṣòó síwájú apẹ̀rẹ̀ àdànù tí wọ́n ń kó èyí tí wọn ò rí tà sí, fúláwà ti kun ọwọ́ rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn.

"Ta ló kú tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n," ni obìnrin náà fèsì. "Ẹ̀yin náà lẹ sì pa wọ́n, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni obìnrin náà ń ṣe; àdànù búrẹ́dì ló wá bá wọn dín kù. Ẹ̀rọ tó gbé wá a máa wo ọjà tí wọ́n ti tà sẹ́yìn, a wo ojú ọjọ́, a sì sọ iye búrẹ́dì tó yẹ kí wọ́n yan. Láàárín oṣù méjì, apẹ̀rẹ̀ àdànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò yé wá, ọkùnrin náà ò sì yé nu àga dè é. Ọmọbìnrin ọkùnrin náà tó ń tajà ní káńtà nìkan ni kì í fún àlejò náà ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ọkùnrin náà ti ń múra àtisọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún obìnrin náà, àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà pé: *Ọmọ ọwọ́, méjìlá.*

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń pe búrẹ́dì kékeré kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́ nìyẹn. Àyájọ́ ìgbéyàwó wọn nìkan ló máa ń yan án, òní sì ni àyájọ́ náà. Ọkùnrin náà ò sọ orúkọ yẹn létí obìnrin náà rí.

"Gbé e lọ," ó ní. "Ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kò fẹ́ ọ níbí."

Obìnrin náà ò jiyàn. Ó ń ká wáyà rẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà fi káńtà sílẹ̀.

"Dádì, èmi ni mo fún Àǹtí ní ìwé tí Mọ́mì máa ń kọ ọjà sí. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ."

"Ìwọ tí o kì í kí i dáadáa?"

"Mo ń wò wọ́n ni. Ẹni tó bá lè ka ìkọ̀wé Mọ́mì tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ dé òpin láìkùn, ẹ jẹ́ kó dúró."

Ọkùnrin náà ṣí ìwé náà. Mẹ́wàá ni ìyàwó rẹ̀ kọ lọ́dọọdún. "Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ní méjìlá?"

Obìnrin náà yẹ ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀mejì. "Mi ò mọ̀," ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà yan méjìlá. Kò polówó rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ̀ rí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nawọ́ sí ọmọ ọwọ́ kan, wọ́n rà á, wọn ò wo nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn ò mì mọ́. Ó ku méjì lórí tíréè.

Ó mú ọ̀kan, ó na èkejì sí obìnrin náà.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ọkùnrin náà ní.

"Èmi náà."

"Ṣé wàá fẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rù náà?"

"Màá fẹ́ yín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká mú ọjọ́ òní fún ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ òní ní ẹni tó ni ín."

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jọ jẹ ẹ́.