Aránegungun àti Ẹsẹ̀ Olóyè Àjàgbé

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Aránegungun mọ ènìyàn kí ju ọkọ ìyàwó tuntun lọ. Bó bá wọlé tọ aláìsàn nílé ìwòsàn Òkè-Òṣùpá, ìlú àwọn awakùsà tó wà lórí òṣùpá, á kọ́kọ́ tẹ orí irin rẹ̀ ba, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Lẹ́yìn náà ni yóò to egungun tó kán, tí yóò sì rán an. Kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná, ó ti parí.

Dókítà Arinọlá tó ṣe é kò ṣe é ní oníwà pẹ̀lẹ́ o. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e síwájú ìgbìmọ̀ àgbà, ńṣe ló ń já ọmọ-ìka ẹsẹ̀ èèyàn léèékánná kó lè mọ̀ bóyá ó ń dùn ún, tó sì ń wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀. Egungun tó kán lè fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ẹsẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ á sì máa kú lọ.

Olóyè Àjàgbé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, fò dìde. "Irin ló máa já èmi léèékánná? Èmi tí ìyàwó mi ò já rí? Ṣé kò lè béèrè ni?"

"Bàbá, aláìsàn lè má sọ—"

"Ta ni kò mọ ara rẹ̀? O kàwé títí, o gbàgbé ilé!"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Arinọlá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i, ló bá yọ èékánná àti wíwá ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, ó fi ìbéèrè rọ́pò wọn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, òun náà pẹ̀lú.

Ọdún yẹn ò tíì parí tí ọkọ̀ ìwakùsà fi dojú dé, tó tẹ orúnkún Olóyè Àjàgbé. Aránegungun to egungun rẹ̀, ó gún régé. Ó wá tẹrí ba. "Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Kí ni kó tún sọ? Àwọn àna rẹ̀ kún yàrá. Àgbà wo ló máa sọ níwájú àna pé òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ìka ẹsẹ̀? Ẹ̀rọ náà gbà á bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" "Ó ń ṣe dáadáa." Arinọlá alára dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìka ẹsẹ̀ Olóyè tó funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù òṣùpá ni. Ṣé níwájú èrò ni yóò ti pe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní òpùrọ́?

Ọjọ́ kejì ló tó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí òkúta. Ó já a léèékánná, Olóyè ṣáà ń wo àjà.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Bàbá?"

"Kó tó rán an tán."

"Ẹ ò sì sọ!"

"Ìwọ náà rí i. Mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Arinọlá wo egungun tí wọ́n gé títí. Ojú ibi tó ti kán kò tilẹ̀ hàn.

Nígbà tí Olóyè jí, Aránegungun tẹrí ba. "Ẹ kú ewu, Bàbá. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Olóyè na èyí tó kù. "Já mi léèékánná."

Ẹ̀rọ náà dúró gbagidi. Kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Arinọlá ló kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a.

"Yéè!" ni Olóyè ké. Àwọn àna rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.