Aṣọ Funfun Inú Àpótí Alájà

"Òkè lo ti máa bẹ̀rẹ̀ o!" Alájà Sìlífátù ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Fàòsíyà, ṣé ò ń gbọ́ mi? Ilé aláǹtakùn tó wà lájà ni kó o kọ́kọ́ gbá, kó o tó kan ògiri, kó o tó kan fèrèsé. Ilẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Bí o bá kọ́kọ́ gbálẹ̀, wàá tún un gbá ni."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Yàrá kan tán kó o tó wọ òmíràn. Kó ẹrù síta kí oòrùn pa á. Àkísà wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá ti dúdú, fọ̀ ọ́, fún un, kó o tún máa lò ó. Àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, má fọwọ́ kàn án o. Èmi fúnra mi ni mo máa ṣí i lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Màmá! Ẹ máa lọ, mọ́tò Owódé á ti kún."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún náà kò sì fojú àánú wo ẹnikẹ́ni ní Ìjẹmọ̀. Eruku bo ilé, ó bo àga, ó bo gíláàsì fèrèsé débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, Alájà máa ń tú gbogbo ilé palẹ̀ ni. Ọṣẹ ló ń tà lọ́jà, ó sì máa ń sọ pé, "Ṣé ilé èmi ọlọ́ṣẹ ni ẹni tó bá wá bá mi ṣínu á ti rí èérí?" Àmọ́ lọ́dún yìí, ìsọmọlórúkọ kan ní Owódé bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ ilé, ló bá fi iṣẹ́ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Fàòsíyà wà ní SS2. Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ló kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ wá sọ́dọ̀ Alájà, tó jẹ́ ìyá bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìkánjú ló ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Bàrákátù ọmọ kíláàsì wọn ń ṣe ọjọ́ ìbí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Mojí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn fara kan tiwọn, sì ti ní òun á wá pè é.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tó ní òun ti gbọ́! Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá. Ó gbá a tán, ó nù ún, ó ń dán. Ìgbà yẹn ló wá rántí àjà. Bó ṣe na ìgbálẹ̀ sókè báyìí, wòòò, gbogbo eruku ọyẹ́ dà sórí ilẹ̀ tútù, ó di ẹrẹ̀. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Bí àkísà kan bá dúdú, á jù ú sí kọ̀rọ̀, á mú òmíràn, torí ó ní fífọ àkísà á fi àkókò òun ṣòfò. Nígbà tó fi máa kan fèrèsé yàrá Alájà, àkísà ti tán pátápátá.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Alájà fi agádágodo kọ́ àpótí náà lásán ni, kò tì í. Ta ló fẹ́ jí nǹkan nínú ilé òun? Ìró tuntun ló wà lókè. Nísàlẹ̀ pátá, Fàòsíyà rí aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa, tó ti pọ́n díẹ̀. "Àlòkù rèé," ló wí. Ó fà á ya sí méjì, ó rì í bọ omi ọṣẹ, ó fi nu fèrèsé. Aṣọ náà fa ìdọ̀tí dáadáa. Gíláàsì ń kọ mànà.

Mojí wọlé. "Ṣé o ò tíì tán ni? Wọ́n á ti gé kéèkì o!" Ó mú ìdajì aṣọ náà tí kò tíì tutù tán kó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nu èyí tó kù, ló bá gbé e símú. "Fàò, àkísà yín mà ń ta sánsán. Bí Alájà ṣe máa ń ta sánsán ní ọjọ́ Jímọ̀ gẹ́lẹ́ ló rí."

Fàòsíyà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jìnnà tó fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí ìtàn tí Alájà kì í yé sọ. Nígbà tó lọ sí Mẹ́kà, ó ra aṣọ funfun, ó fi omi mímọ́ Sàmusámù fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó fi lọ́fíńdà sí i, ó sì rù ú wálé. Á ní, "Aṣọ tí wọ́n á fi sin mí nìyẹn. Òun ni mo máa wọ̀ lọ bá Ọlọ́run mi."

"Yéè! Mojí, mo gbé!" Fàòsíyà jókòó sílẹ̀ bọ̀ọ̀. "Aṣọ ìsìnkú Màmá ni mo fi nu fèrèsé!"

Ìjókòó yẹn ló pa ọjọ́ ìbí rẹ́. Ọmọ náà sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Mojí ló kọ́kọ́ gbọ́n, bí a bá lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n. "Gbẹ́nu dákẹ́. Aṣọ funfun kan ṣẹ́kù nígbà tí màmá mi rán kọ́tìn. Ká rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè pọ́n díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Oòrùn Èrèlé kò sì ṣeré, kíá ló gbẹ. Wọ́n wọ́n lọ́fíńdà Alájà sí i, wọ́n ká a, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Fàòsíyà di aṣọ tó ya náà sínú ọ̀rá, ó fi pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Kí Màgàríbì tó tó, Alájà dé. Ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó fi ìka fa orí àga, kò rí eruku. "Háà! Ọmọ mi! Ọlọ́run á tún ayé ẹ ṣe. Ojú ò ní tì ọ́. Ọmọ tìẹ náà á tọ́jú ẹ." Bó ṣe ń ṣàdúrà ni Fàòsíyà ń ṣàmín. Ẹ̀bà kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alájà tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó gbé àpótí jáde síbi tí oòrùn wà, ó sì ní kí Fàòsíyà wá jókòó ti òun. Ó yọ ìró kọ̀ọ̀kan, ó gbọ̀n ọ́n. Ó kan aṣọ funfun. Ó gbé e lé ojú, ó fà á símú, ó tún un fà.

"Fàòsíyà, wò ó dáadáa," Alájà wí. "Bàbá ẹ kì í rántí ibi tó kó bàtà ẹ̀ sí, kì í ṣe òun ni mo máa fi èyí hàn. Ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ìwọ ni kó o mú un jáde, kó o gbé e fún àwọn tó bá fẹ́ wẹ̀ mí. Ìwọ ni ọkàn mi balẹ̀ sí."

Bó bá dákẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ ọmọ náà rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí òun ṣe máa gbé aṣọ kọ́tìn tó mu tíì fún àwọn tó ń sunkún, pé aṣọ Mẹ́kà nìyí. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́.

"Màmá, ẹ má fi sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe òun nìyẹn!" Ló bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí ilẹ̀ tó kọ́kọ́ gbá dórí tíì. Ó sáré lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ó gbé èyí tó ya náà wá, dúdú kìjikìji.

Alájà gba aṣọ náà. Ó na ìdajì kan lé ẹsẹ̀, ó na ìkejì. Omi yọ lójú rẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló bá a jáde.

"Tíì! Mo ní kí ló dé tí aṣọ ìsìnkú mi ń rùn bíi Lípítọ́ọ̀nù! Mo ti ń rò ó pé imú mi ti darúgbó!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọmọ burúkú! Ẹ wá ń fẹ́ fi kọ́tìn dì mí ránṣẹ́ sí Ọlọ́run?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ti ba aṣọ yín jẹ́."

"Kò bà jẹ́. Aṣọ mímọ́ ni Àáfáà sọ pé ká fi sin òkú, kò ní ó gbọ́dọ̀ ti Mẹ́kà wá. Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọn kì í rán an, wọ́n á sì tún gé e kí wọ́n tó lò ó." Ó nu ojú rẹ̀. "Èyí tó ká mi lára ni irọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dì mọ́ mi lára, tí mi ò ní lè dìde bi yín. Ọlọ́run yọ ẹ́ ni, o tètè sọ ọ́."

Fàòsíyà mí kanlẹ̀. Láti àná, ìgbà yẹn ni èémí rẹ̀ tó délẹ̀ dáadáa.

Ìyà kò ṣàì jẹ ẹ́ ṣá. Ọṣẹ dúdú ló fi fọ aṣọ náà, ó ṣan án, ó tún un ṣan, títí omi fi mọ́ gaara. Ó fọ gbogbo àkísà tó jù sí kọ̀rọ̀. Ní ti Mojí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ kọ́tìn lọ bá màmá rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó sọ ọ́ di aláwọ̀ tíì. Igbe tí a gbọ́ láti ilé wọn kò kéré.

Ọ̀sán gan-an ni ìdajì aṣọ méjèèjì wà lórí okùn, wọ́n funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alájà ká wọn, ó kó wọn sínú àpótí, ó sì ti agádágodo lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Fàòsíyà.

"Màmá, èmi kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Lẹ́yìn ohun tó o sọ," Alájà dáhùn. "Ẹni tó bá kánjú ṣiṣẹ́ lè tún un ṣe, o ti rí i lára ilẹ̀ yẹn. Àmọ́ mi ò lè fi ìkẹ́yìn mi sọ́wọ́ ẹni tó lè tàn mí jẹ. Ìwọ ò lè ṣe é, o gbìyànjú ẹ̀, kò ṣeé ṣe fún ọ." Ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó wo ilé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. "Mi ò sì tíì lọ o. Dìde, lọ po tíì wá. Inú ife ni kó o pò ó sí."