Fèrèsé tí Wọ́n Fi Bíríkì Dí

"Ẹ máa tọ̀ mí bọ̀, ẹ ṣọ́ra fún àtẹ̀gùn yẹn o!"

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni Pẹ́pẹ́yẹ ń rìn, bí afinimọ̀nà ṣe ń rìn, ojú rẹ̀ sí àwọn àlejò méjìlá tó ń tẹ̀ lé e la àdúgbò àtijọ́ náà já. Ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ ló sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Lónìí, ẹnu náà ló fẹ́ fi gba káàdì iṣẹ́ afinimọ̀nà. Obìnrin olùdánwò rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń kọ̀wé láìrẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí wọ́n fi bíríkì dí fèrèsé òkè yẹn?" Bàbá onífìlà kan ló béèrè.

Pẹ́pẹ́yẹ wo fèrèsé náà. Kò mọ̀ ọ́n. Ó rántí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti gba káàdì tirẹ̀: "Pẹ́pẹ́yẹ tí kò lè ké, ẹran ọbẹ̀ ni! Sọ ohunkóhun, ṣáà ti jẹ́ kó dùn. Àlejò lójú, kò fi ríran."

"Olówó kan ló ti ìyàwó rẹ̀ mọ́bẹ̀ títí ó fi kú," ló bá dáhùn. "Títí dòní, wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀."

Àwọn àlejò ṣe háà. Wọ́n ń ya fọ́tò.

Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí. Ìyá arúgbó kan yọjú, abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó ta ni, ọmọ mi?" Ó fi abẹ́rẹ́ náà tọ́ka sí fèrèsé òkè. "Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti já bọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá mi fi dí i. Ẹkún tí ò ń wí yẹn, màmá mi ló sun ún."

Pẹ́pẹ́yẹ lè ní ilé kejì lòun ń wí. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Gègé olùdánwò dúró lórí ìwé. Káàdì ń lọ, ó mọ̀.

"Irọ́ ni mo pa, Màmá. Mi ò mọ ìtàn ilé yín. Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin àlejò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́."

Olùdánwò pa ìwé rẹ̀ dé. "Ká ní o sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, ǹ bá fún ọ ní máàkì. Padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní báyìí, sin àwọn àlejò rẹ délé."

Ó sin wọ́n tẹkún-tẹkún. Lẹ́yìn náà, òun nìkan padà lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó náà fà á wọlé, ó sì sọ fún un nípa ọmọ kékeré kan tó máa ń juwọ́ láti ojú fèrèsé yẹn sí gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ tó dùn létí àlejò lè jẹ́ ọgbẹ́ fún onílé.