Awakọ̀ Katakata àti Òkú Tó Ń Mí

Ìgbà kẹta tí Hàkímù kú láàárọ̀ ọjọ́ náà ni katakata kan yọ lójú oko.

Hàkímù dùbúlẹ̀ sórí ebè lẹ́yìn Igbó-Ọrà, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá láyà, kámẹ́rà lókè orí. Ọmọ Èrúwà ni, òṣèré ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, òkú ni wọ́n sì máa ń fún un ṣe jù. Ó mọ bí a ṣe ń dá èémí dúró. Ṣùgbọ́n ariwo katakata náà ń sún mọ́ ọn, ó sì la ojú kan díẹ̀.

Obìnrin ló wà lórí rẹ̀. Eruku ti bo híjáàbù rẹ̀, bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún, ó sì di ọwọ́ ìdarí mú bí ẹni di etí ewúrẹ́ olóríkunkun mú. Kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà. Ilẹ̀ tó ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bojú wò, ó sì tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn!" Ọláyídé tó ń darí eré kígbe. "A ń ṣiṣẹ́ níbí!"

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́," obìnrin náà dáhùn. "Bátìrì mi ò lágbára. Tí mo bá pa á, ẹ̀yin lẹ máa tì í títí tó fi máa jí. Ṣé ẹ lè tì í?"

Ọláyídé wo katakata, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó padà sídìí kámẹ́rà.

"Ẹ sì jọ̀ọ́," obìnrin náà fi kún un, "òkú yín ń mí o."

Hàkímù bú sẹ́rìn-ín. Eré bàjẹ́.

Ṣàkírát lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Búrẹ́mọ̀. Katakata àlòkù tí bàbá rẹ̀ rà ló fi ń tú ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ láti Igbó-Ọrà dé Ìgàngán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ ọmọbìnrin tó yẹ kó ṣe ìyàwó nínú eré bàjẹ́ sọ́nà. Ìran inú eré kì í tẹ̀lé ara wọn nígbà tí a bá ń yà wọ́n. Ẹni tó kú láàárọ̀ lè gbéyàwó lọ́sàn-án. Ọláyídé bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ họ orí.

"Awakọ̀ katakata ńkọ́?" Hàkímù béèrè.

Ṣàkírát ní òun ò ní jókòó níbi yìgì tí bàbá òun ò sí, ì báà ṣe eré. Inú Ọláyídé dùn, nítorí kì í fẹ́ náwó sórí òṣèré tí kò bá pọn dandan. Ó ní kí Bàbá Búrẹ́mọ̀ ṣe bàbá ìyàwó, kí Alfa Tàófíìk tó ń kírun síwájú wọn ní mọ́ṣáláṣí sì ṣe alfa.

Alfa kò mọ bí a ṣe ń gé yìgì kúrú. Ó kà á tán pátápátá. Bàbá fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ẹlẹ́rìí méjì dáhùn. Nígbà tí Alfa béèrè sàdáàkì tí ọkọ máa ń fún ìyàwó, kò sí ẹni tó ti ronú kàn án. Hàkímù bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi lélẹ̀. Ṣàkírát sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un: "Mo gbà." Ọláyídé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì túká.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Hàkímù padà wá sí oko.

"Aago mi dà?"

"Òkú kì í wo aago," Ṣàkírát wí látorí katakata. Aago náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tí o bá fẹ́ ẹ, gòkè wá gbà á."

Hàkímù gòkè. Kò gba aago.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá. Yóò jókòó sórí irin tó bo táyà, yóò máa fi ariwo sọ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ lórí ìró ẹ́ńjìnnì.

"Mi ò gbọ́!" ni Ṣàkírát máa ń wí. "Sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ń pa!"

Lọ́jọ́ kan, Hàkímù sinmi ariwo. Ó rọra pe oríkì rẹ̀, "Àpèkẹ́."

Ṣàkírát kò bojú wẹ̀yìn. "Ìyẹn, mo gbọ́," ló wí, ebè tó tẹ̀ lé e sì wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Oṣù keje ọ̀rẹ́ wọn ni Ọláyídé pè láti Èkó, níbi tó kó lọ. Eré ọlọ́dún kan gbáko, Hàkímù ni olórí. Kì í ṣe òkú. Yóò wà láàyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kó wá sí Èkó, kó sì débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eré àtijọ́ náà jáde, ó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Igbó-Ọrà. Alfa Tàófíìk rí i. Kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Hàkímù wá sílé Bàbá Búrẹ́mọ̀.

"Ohun mẹ́ta," Alfa wí, "tí a bá fi wọ́n ṣàwàdà, òótọ́ ni wọ́n: ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, àti gbígba aya padà. Bàbá rẹ̀ gan-an ló fà á kalẹ̀. Ẹlẹ́rìí wà. Sàdáàkì ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ dòní. Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Mo gbọ́ pé o ń lọ sí Èkó," Bàbá Búrẹ́mọ̀ sọ fún Hàkímù. "Ọ̀nà méjì ló wà. Mú un dání, tàbí kó o kọ̀ ọ́ níbí lójú wa. Òṣèré ò ní wà l'Ékòó kí ọmọ mi máa ṣọ́nà níbí."

"Bàbá, mo ti kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún nínú eré. Mo ti jalè, mo ti ya wèrè. Ohun tí wọ́n bá ní kí n sọ ni mo máa ń sọ. Èyí tí ẹ ní kí n sọ yìí, mi ò ní sọ ọ́."

"Mú un lọ nígbà náà."

"Ta ni yóò mú mi lọ?"

Ṣàkírát ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró ẹ́ńjìnnì.

"Ṣàkírát, àgbà ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá mi." Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ẹ ní mo ti lọ́kọ. Ta ló bi mí? Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ fún mi ni, mo kà á. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀ mí. Kí ni mo ṣe? Ẹ ní kí n máa lọ sí Èkó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀; ta ni yóò tú ilẹ̀ àwọn ará Ayétẹ̀? Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi eré fẹ́ mi, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi ìpàdé kọ̀ mí."

"Àbí o ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?" Alfa béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè, Alfa." Ó wo Hàkímù. "Kí ẹni tọ́rọ̀ kàn bi mí fúnra rẹ̀. Oko ni mo wà lọ́la."

Hàkímù rò ó títí. Bí ó bá dúró, òkú ni yóò máa ṣe títí orí rẹ̀ yóò fi funfun, yóò sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì lọ láìsọ̀rọ̀, ojo ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dúró síwájú katakata. Ṣàkírát dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ké.

"Mò ń lọ sí Èkó!" Hàkímù kígbe. "Mi ò ní parọ́, mo fẹ́ lọ! Mo sì fẹ́ ọ! Mi ò mọ bí méjèèjì ṣe máa wọlé síbì kan! Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ṣàkírát yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo oko dákẹ́ rọ́rọ́, àparò kan ké nínú koríko.

"Tún un sọ," ló wí. "Má pariwo."

Ó tún un sọ.

"Máa lọ. Lọ ṣiṣẹ́ rẹ. Ìgbà òjò, èmi wà lórí katakata. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ilẹ̀ tí n óò tú. N óò wá bá ọ l'Ékòó. Bí o bá ráyè nínú òjò, ìwọ á wá bá mi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ wa, kó sọ ọ́ títí ẹnu á fi ro ó."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wà lẹ́yìn rẹ."

Òótọ́ ni. Bàbá Búrẹ́mọ̀ àti Alfa ti tẹ̀ lé e, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni oko àti àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, kò sí ohun tí wọn ò gbọ́.

"Bó bá jẹ́ irọ́ ló fẹ́ pa," Bàbá Búrẹ́mọ̀ wí, "ì bá ti ní òun ò fẹ́ lọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n ní obìnrin kì í wa katakata, èmi ni mo gbé ọ gorí ẹ̀. N kò lè wáá ní kí o sọ̀ nísinsìnyí. Alfa, ẹ tún yìgì yẹn so."

"Okùn tí a so lẹ́ẹ̀mejì kì í tú," Alfa wí.

Ṣàkírát bọ́ aago, ó dá a padà fún Hàkímù. Hàkímù tún fi lélẹ̀ ní sàdáàkì, lójú ẹlẹ́rìí méjì.

"Mo gbà," Ṣàkírát wí. "Kò sẹ́ni tó kọ èyí fún mi."

Lẹ́yìn àdúrà, ó gorí katakata padà. "Ó yá, ẹ wá tì í. Iṣẹ́ ń dúró."

Wọ́n tì í. Alfa ká ẹ̀wù rẹ̀, Bàbá Búrẹ́mọ̀ ń mí gúle-gúle, ọkọ ìyàwó fi èjìká tì í. Katakata yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí. Hàkímù ṣubú gbalaja sórí ebè, ó na ara síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣàkírát bojú wẹ̀yìn.

"Òkú mi, dìde! Èkó ń dúró dè ọ́."

Hàkímù dìde.